Ìdajì Òfin tí Thorndike Fagi Lé: Èrè àti Ìyà Nínú Ìtàn Ìmọ̀ Ìhùwàsí Ẹ̀dá, 1898–1977

Ìfáárà

Agbára káká ni a ó fi rí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kan ní Nàìjíríà tí kò bá orúkọ Edward Lee Thorndike pàdé rí. Òfin mẹ́ta ni wọ́n máa ń ní kí ó há sórí lábẹ́ orúkọ náà: òfin ìmúrasílẹ̀, òfin àṣetúnṣe àti òfin àbájáde. Òfin kẹta ni ó lókìkí jù lọ. Bí a bá gé e kúrú, ohun tí ó wí ni pé ìṣe tí ìtẹ́lọ́rùn bá tẹ̀lé yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lára ẹni tí ó ṣe é, ìṣe tí ìnira bá sì tẹ̀lé yóò máa rẹ̀yìn títí yóò fi parẹ́. Òfin náà ní apá méjì, wọ́n sì dọ́gba bí àwo òṣùwọ̀n: èrè wà ní apá ọ̀tún, ìyà wà ní apá òsì, ohun tí ọ̀kan bá gbé ró ni èkejì lè wó lulẹ̀.

Ohun tí ìwé ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò kì í sábà fi kún un ni pé Thorndike fúnra rẹ̀ ni ó padà fagi lé apá òsì yìí. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí ó ti fi ẹranko ṣe àdánwò àkọ́kọ́, ó jáde sí gbangba láti sọ pé èrè àti ìyà kò dọ́gba. Síbẹ̀, apá tí ó fagi lé kò kú. Ó wà nínú ìwé, ó wà lẹ́nu olùkọ́, ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mú pàṣán dání nínú kíláàsì.

Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìdajì òfin náà láti 1898, nígbà tí a kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, títí dé 1977, nígbà tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ lórí lílu ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́. A kò kọ ọ́ láti fi hàn pé èrè ṣẹ́gun ìyà. Ohun tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Èrè lè kọ́ ẹ̀dá ní ohun tí kò ṣe rí. Ìyà kò lè ṣe ju kí ó dá ohun tí ẹ̀dá ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ dúró. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa retí kí ìyà jẹ́ iṣẹ́ tí a kò lè rán an.

Ológbò inú àpótí

Ní 1874 ni wọ́n bí Thorndike ní Williamsburg, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá rẹ̀. Ní Yunifásítì Harvard, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ William James, gbajúgbajà onímọ̀ tí ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ọkàn ti tàn ká nígbà náà. Òròmọdìẹ ni Thorndike kọ́kọ́ ń fi ṣe àdánwò. Nígbà tí ìyá onílé rẹ̀ kò fẹ́ rí wọn nínú yàrá mọ́, James gbà kí ó kó wọn wá sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ilé òun. Lẹ́yìn èyí ni ó kọjá sí Yunifásítì Columbia ní New York, níbi tí ó ti kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1898. Animal Intelligence ni àkọlé rẹ̀.

Ní àkókò yẹn, ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ̀wé nípa ọgbọ́n ẹranko ń gbára lé: ajá lágbájá mọ ọ̀nà ilé láti ìlú òkèèrè, ológbò làmọ̀rín mọ bí a ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn. Thorndike kò ka irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sí. Àlàyé rẹ̀ ni pé àìmọye ajá ni ó ń sọnù tí kì í padà wálé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń kọ ìtàn tiwọn sílẹ̀. Ohun tí a lè wọ̀n, tí a sì lè tún ṣe níṣojú ẹlòmíràn, ni ó ń wá.

Ó fi igi kan àpótí, ó ti ológbò tí ebi ń pa mọ́ inú rẹ̀, ó sì gbé ẹja díẹ̀ sí ìta níbi tí ojú ẹranko náà ti lè tó o. Bí ológbò bá fa okùn kan, tàbí tí ó bá tẹ pátákó kan mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn yóò ṣí. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹranko náà yóò máa ha igi, yóò máa gé e jẹ, yóò máa na ẹsẹ̀ gba gbogbo àlàfo, títí yóò fi ṣèèṣì fa okùn náà. Thorndike yóò kọ iye àkókò tí ó gbà sílẹ̀, yóò sì dá a padà sínú àpótí. Bí ìgbà ti ń gorí ìgbà, àkókò náà ń kúrú, títí ológbò fi ń fa okùn ní kété tí a bá ti gbé e wọlé.

Ohun tí ó gba àfiyèsí rẹ̀ jù lọ ni bí àkókò náà ṣe ń kúrú. Kò já lulẹ̀ lójijì bí ìgbà tí òye ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹ̀dá. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń rọlẹ̀, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ènìyàn ń la ọ̀nà nínú igbó. Thorndike gbà pé ológbò kò ronú jáde. Ìtẹ́lọ́rùn tí ó tẹ̀lé fífa okùn ni ó so ìṣe náà mọ́ ibi tí ẹranko náà wà. Àwọn ìṣe yòókù sì ń já dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1911 ni ó ti sọ èrò yìí ní òfin àbájáde.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan níhìn-ín. Nínú àwọn àpótí wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó na ológbò nítorí pé ó ha igi. Híha igi kò mú ohunkóhun wá ni, ìdí nìyí tí ó fi ń rẹ̀yìn. Kí ènìyàn má rí nǹkan gbà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kí a fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹja ni apá ọ̀tún òfin náà dúró lé. Ẹ̀rí apá òsì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó gbé e ró jù ni pé ọkàn ènìyàn fẹ́ràn ohun tí ó bá dọ́gba.

Yale, 1929

Láti 1899 ni Thorndike ti ń ṣiṣẹ́ ní Teachers College, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó so mọ́ Yunifásítì Columbia. Ibẹ̀ ni ó ti di ẹni tí gbogbo olùkọ́ ní Amẹ́ríkà ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó kọ̀wé lórí ìṣirò, lórí ọ̀rọ̀ tí ọmọdé yẹ kí ó mọ̀, àti lórí bí a ṣe ń wọn làákàyè. Nígbà tí yóò fi di àárín ọdún 1920 sí 1930, ènìyàn ni ó ń fi ṣe àdánwò, kì í ṣe ológbò mọ́. Àǹfààní kan wà nínú èyí. A lè sọ fún ènìyàn pé ohun tí ó ṣe tọ́, a sì lè sọ fún un pé kò tọ́, kí a wá wo ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe.

Nínú ọ̀kan lára àwọn àdánwò náà, ó fi ọ̀rọ̀ èdè Sípéènì kan han akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ èdè náà, ó sì to ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú márààrún ni ìtumọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ọ̀kan, yóò sì gbọ́ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti la àwọn ọ̀rọ̀ náà já, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Bí òfin àbájáde bá rí bí a ti kọ ọ́ ní 1911, “ó tọ́” yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ tún ìdáhùn rẹ̀ mú, “kò tọ́” yóò sì mú kí ó jìnnà sí i ní ìwọ̀n kan náà.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí a kí ní “ó tọ́” ń padà wá gan-an. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí a pè ní “kò tọ́” kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ pé òun ṣìnà tún ń tọ ọ̀nà náà bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 1929, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí láti onírúurú orílẹ̀-èdè pàdé ní Yunifásítì Yale, ní New Haven. Ivan Pavlov ti Rọ́ṣíà, ẹni tí àdánwò rẹ̀ pẹ̀lú ajá ti sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, wà lára àwọn tí ó wá. Níbẹ̀ ni Thorndike ti jẹ́wọ́ pé òun ti ṣàṣìṣe. Ní 1932, ó kó ẹ̀rí rẹ̀ jọ sínú ìwé tí ó pè ní The Fundamentals of Learning. Èrè, ó ní, ń fún ìdè tí ó wà láàrin ipò kan àti ìṣe kan lókun ní tààrà. Ìyà kò tú ìdè yẹn. Bí ìyà bá ṣe àǹfààní rárá, ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ó gbà ṣe é: ó lè mú kí ẹ̀dá fi ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀, kí ó dán nǹkan mìíràn wò, kí ó sì ṣe kòńgẹ́ èyí tí ó ní èrè. Bí nǹkan mìíràn yẹn kò bá sí nítòsí, ẹ̀dá yóò padà sídìí ti àtijọ́.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gba èyí láìwádìí. Ní 1939, J. W. Tilton fi hàn pé bí Thorndike ṣe ṣírò iye ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ìbá tún ìdáhùn kan mú láìjẹ́ pé a sọ ohunkóhun fún un kò péye, àti pé “kò tọ́” lágbára ju bí Thorndike ti rò lọ. Àtakò yìí ṣe pàtàkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rí i pé “kò tọ́” tí a ń jiyàn lé lórí yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ó ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ibi tí ó dúró sí. Kò dùn ún lára. Ìyà tí ń dunni lára ṣì ń dúró de ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n.

Ẹsẹ̀ eku àti àgógó ẹyẹlé

Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni Burrhus Frederic Skinner. Wọ́n bí i ní 1904 ní Susquehanna, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Ìwé ìtàn ni ó fẹ́ máa kọ nígbà tí ó jáde ní Hamilton College, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan tí ó fẹ́ sọ. Ó wá lọ sí Harvard, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1931. Àpótí tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Thorndike. Eku ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀pá kékeré kan sì yọ lára ògiri. Bí eku bá tẹ ọ̀pá náà, oúnjẹ yóò jábọ́. Eku kò ní láti jáde kí a tó tún dá a padà; ó lè tẹ ọ̀pá títí, ẹ̀rọ yóò sì máa fi ìlà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nínú ìwé rẹ̀ ti 1938, The Behavior of Organisms, Skinner ròyìn àdánwò kan tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Eku mẹ́jọ ni ó ti kọ́ láti tẹ ọ̀pá. Ó pín wọn sí méjì, mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì dá oúnjẹ dúró fún gbogbo wọn. Tí oúnjẹ kò bá wá mọ́, eku á máa tẹ ọ̀pá fún ìgbà díẹ̀ sí i, á sì fi í sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n fún ẹgbẹ́ kejì, ó fi ìyà kún un: ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọ̀pá náà ń ta padà, ó ń gbá eku lẹ́sẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá tẹ̀ ẹ́.

Àwọn eku tí a gbá lẹ́sẹ̀ dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá wo wọn ní wákàtí yẹn nìkan yóò búra pé ìyà ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyà dópin, wọ́n padà sídìí ọ̀pá, nígbà tí yóò sì fi di òpin ọjọ́ kejì, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ti bá ti àwọn tí a kò fọwọ́ kàn dọ́gba. Ìyà kò yọ ohunkóhun kúrò nínú wọn. Ó kàn sún un síwájú ni.

William Estes, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Skinner ní Yunifásítì Minnesota, tẹ̀ síwájú pẹ̀lú iná mànàmáná dípò ọ̀pá tí ń ta padà. Ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1944. Òun náà rí i pé ìyà ń tẹ ìṣe rì, kì í fà á tu. Ó tún rí ohun kan tí ó yani lẹ́nu: bí iná bá ta eku láìjẹ́ pé ó tẹ ọ̀pá rárá, títẹ ọ̀pá náà ń dín kù bákan náà. Ìdí ni pé ẹ̀rù ń ba ẹranko náà ní ibi tí ó wà, ẹ̀rù sì ń mú kí ó fọwọ́ lẹ́rán. Olùkọ́ tí ó bá rí i pé kíláàsì pa lọ́lọ́ lẹ́yìn tí òun na ẹnì kan lè rò pé wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ Estes ń béèrè pé: ẹ̀kọ́ wo?

Ní àsìkò kan náà, Skinner ń rí ohun tí èrè lè ṣe tí ìyà kò lè ṣe. Ní 1943, nígbà ogun, ó wà ní òkè ilé ìlọyẹ̀fun kan ní Minneapolis pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìjọba ń náwó lé wọn lórí kí wọ́n lè kọ́ ẹyẹlé láti máa darí bọ́ǹbù. Ní ọjọ́ kan wọ́n gbìyànjú láti kọ́ ẹyẹlé kan kí ó fi àgógó gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Wọ́n dúró títí kí ó gbá a, ṣùgbọ́n kò gbá a. Wọ́n wá pinnu láti fún un ní oúnjẹ fún ohunkóhun tí ó bá fara pẹ́ ẹ: kí ó kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù, kí ó sún mọ́ ọn, kí ó fi àgógó kàn án. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹyẹlé náà ń gbá bọ́ọ̀lù káàkiri.

Ìjọba fòpin sí iṣẹ́ bọ́ǹbù náà ní 1944 láìlò ó. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ Skinner ni ìmọ̀ pé a lè mọ ìwà bí amọ̀kòkò ṣe ń mọ ìkòkò. Ìṣe tí kò sí lára ẹyẹlé ní òwúrọ̀ lè wà lára rẹ̀ ní ọ̀sán. Kò sí bí a ṣe lè fi ìyà ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kò ṣeé jẹ níyà. Nígbà tí Skinner wá kọ ìwé ìtàn tí ó ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀, Walden Two, ní 1948, ìlú tí ó fojú inú wò nínú rẹ̀ jẹ́ ìlú tí a kì í ti fi ìyà tọ́ ọmọ.

Àtakò: ìyà ń ṣiṣẹ́

Bí a bá dúró síhìn-ín, ìtàn náà yóò dùn, ṣùgbọ́n kò ní péye. Ní 1964, Richard Solomon tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tí ó bu ẹnu àtẹ́ lu èrò pé ìyà kì í ṣiṣẹ́. Ó pè é ní ìtàn àròsọ tí àwọn onímọ̀ ń sọ fún ara wọn. Ní 1966, Nathan Azrin àti William Holz to gbogbo ẹ̀rí jọ. Wọ́n fi hàn pé ìyà lè pa ìṣe kan run pátápátá bí ó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó bá tẹ̀lé ìṣe náà lójú ẹsẹ̀, bí kò bá fo ìgbà kan ṣoṣo, bí ẹ̀dá kò bá rí ibi sá sí, tí ọ̀nà mìíràn sì wà tí ó lè gbà rí ohun tí ó ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ohun wọ̀nyí dáadáa. Ta ni ó lè mú wọn ṣẹ nínú kíláàsì tí ọmọ ogójì wà? Olùkọ́ kò lè rí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀. Ìyà á pẹ́ kí ó tó dé. Ọmọ á máa sá lọ ilé tàbí kí ó máa parọ́. Pàṣán tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí ó ń le díẹ̀díẹ̀ á kọ́ ọmọ bí a ṣe ń fara dà á. Ìyà tí ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí adánniwò kì í ṣe ìyà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lò. Lékè gbogbo rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó wà nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn, èyíinì ni ọ̀nà mìíràn, kì í ṣe iṣẹ́ ìyà rárá. Èrè ni. Thorndike ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 1932.

Azrin kan náà ni òun àti Roger Ulrich ti ròyìn ní 1962 pé bí a bá fi eku méjì tí wọn kò bára wọn jà rí sínú àpótí kan tí iná sì ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn yóò dojú ìjà kọ ara wọn. Eku kò mọ ẹni tí ó tan iná. Ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ ni ó ń gé jẹ.

Ìwé-ẹ̀rí olókùn aláwọ̀

Bí ìyà ti ní ààlà tirẹ̀, èrè náà ní ewu tirẹ̀. Ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett ròyìn àdánwò kan tí wọ́n ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Yunifásítì Stanford. Àwọn ọmọ tí ó fẹ́ràn kí wọ́n máa fi kálàmù aláwọ̀ mèremère ya àwòrán ni wọ́n ṣà, ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Wọ́n ṣèlérí ìwé-ẹ̀rí tí a fi okùn aláwọ̀ pupa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún ẹgbẹ́ kan, bí wọ́n bá ya àwòrán. Ẹgbẹ́ kejì gba irú ìwé-ẹ̀rí kan náà lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, láìjẹ́ pé a ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta kò gba nǹkan kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n gbé kálàmù sílẹ̀ láàrin àwọn ohun ìṣeré yòókù, wọ́n sì ń wò láìjẹ́ kí ọmọ mọ̀. Àwọn ọmọ tí a ti ṣèlérí èrè fún kò lò ju nǹkan bí ìdajì àkókò tí ẹgbẹ́ méjì yòókù lò nídìí àwòrán. Ohun tí wọ́n ń fi ìfẹ́ ọkàn ṣe ti di iṣẹ́ tí à ń gba owó lé lórí, owó sì ti tán.

Àwọn kan ti lo ìwádìí yìí láti sọ pé èrè pẹ̀lú kò dára. Kì í ṣe ohun tí ó sọ nìyẹn. Ẹgbẹ́ kejì gba ìwé-ẹ̀rí kan náà, ìfẹ́ wọn kò sì dín kù. Ìlérí ni ó yí ìtumọ̀ iṣẹ́ náà padà. Èrè kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ kì í ṣe èyí tí ẹni tí ó fún wọn ní èrè ní lọ́kàn. Níbi tí ìyà ti ń dákẹ́ lórí ohun tí ó yẹ kí a ṣe, èrè ń sọ̀rọ̀, ó sì lè sọ ju ohun tí a rán an lọ.

Ilé-ẹjọ́, 1977

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ìyà dé iwájú Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà nínú ẹjọ́ Ingraham v. Wright. Ní 1970, ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n fi pátákó lu akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ju ogún ìgbà lọ nítorí pé kò tètè dá olùkọ́ lóhùn, ó sì fara pa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní láti gba ìtọ́jú. Àwọn adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní àbùkún kẹjọ ìwé òfin, èyí tí ó de ìyà ìkà, kò kan ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn tí a ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ni a ṣe é fún. Nínú ìdájọ́ wọn, wọ́n sọ pé àṣà náà ti wà láti ìgbà ìjọba amúnisìn, àti pé èrò àwọn onímọ̀ àti ti ará ìlú ti pín sí méjì lórí rẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Orílẹ̀-èdè tí a ti gbá eku Skinner lẹ́sẹ̀ nìyí, tí Thorndike sì ti jẹ́wọ́ ní gbangba. Ní ọdún méjìdínláàádọ́ta lẹ́yìn Yale, a ṣì lè na ọmọ níbẹ̀ ju bí a ti lè na ẹlẹ́wọ̀n lọ. Kì í ṣe pé ìmọ̀ kò sí. Ìdí kan tí ó hàn kedere láti inú iṣẹ́ Skinner ni pé ìyà ń san èrè fún ẹni tí ń fi í jẹni. Ariwo ń dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ tí ó gbé pàṣán rí èrè rẹ̀ gbà kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Òfin àbájáde ń ṣiṣẹ́ lára olùkọ́ ju ara ọmọ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ọ́

Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ìmọ̀ yìí ní èdè Yorùbá ní ìṣòro kan, ó sì ní àǹfààní kan. Ìṣòro náà wà nínú ọ̀rọ̀-ìṣe “jẹ”. A ń jẹ èrè, a sì ń jẹ ìyà. Ìhun kan náà ni èdè fún wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin 1911 ti fún wọn ní ìwọ̀n kan náà. “Ẹ̀san” tilẹ̀ gba rere àti búburú mọ́ra. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka “èrè àti ìyà” pọ̀, ìdajì òfin tí a fagi lé ti padà wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé “èrè” nìkan kò tó láti fi túmọ̀ ohun tí Skinner ń sọ. Ó ṣọ́ra gidigidi láti ya ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ́tọ̀: ohun tí ń mú kí ìṣe lágbára sí i ni ó ní lọ́kàn, yálà inú ẹni tí ó gbà á dùn tàbí kò dùn. “Ìfúnlókun” sún mọ́ ọn ju “èrè” lọ. Ìwé-ẹ̀rí Stanford jẹ́ èrè lójú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfúnlókun fún àwòrán yíyà.

Àǹfààní náà wà nínú “ìbáwí”. Inú “bá” àti “wí” ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀: kí a bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ń pe pàṣán pẹ̀lú ní ìbáwí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gbàgbé orísun rẹ̀. “Kò tọ́” ti Thorndike jẹ́ ìbáwí. Iná mànàmáná ti Estes jẹ́ ìyà. Àríyànjiyàn láti 1932 títí dé 1966 ìbá rọrùn díẹ̀ bí àwọn tí ń ṣe é bá ní ọ̀rọ̀ méjì fún ohun méjì yìí. Òwe tí ó ní bí a bá fi ọwọ́ kan bá ọmọ wí, kí a fi ìkejì fà á mọ́ra, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán. Ọwọ́ kejì ni ọ̀nà mìíràn tí Azrin àti Holz fi sínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ wọn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé apá òsì òfin àbájáde kò ní ẹ̀rí tí ó tó láti ìbẹ̀rẹ̀, pé ẹni tí ó ṣe é fagi lé e ní 1929, pé Skinner àti Estes fi hàn pé ìyà ń tẹ ìṣe rì láìfà á tu, àti pé nígbà tí Solomon àti Azrin dá ìyà láre, àwọn ohun tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ pé kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. A sì ti rí i pé èrè pàápàá ń fẹ́ ìṣọ́ra.

Ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ àwa tí ń kọ́ olùkọ́ ọ̀la kò pọ̀. Kí a má ṣe máa kọ òfin àbájáde sójú pátákó láìkọ 1911 sí apá kan àti 1932 sí apá kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há a sórí ní ìdajì yóò lọ lò ó ní ìdajì lára ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn àgbà kò sọ pé ọmọ tí a kò nà ni yóò gbé ilé tà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni wọ́n wí.